Ǹjẹ́ Saro Kú Nítòótọ́?

Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2022 nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kì í ṣe ti owó, tí kì í sì í ṣe ti ìdìbò tí ó ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà. Ohun tí ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ fà, tí ìyàwó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jiyàn lé lórí títí oúnjẹ fi ń tutù lórí tábìlì, ni èyí: ọkùnrin kan tí à ń pè ní Saro, ó kú ni tàbí kò kú? Bí àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ bá gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú pópó ní Ìlaròó tàbí ní Aiyétòrò, yóò rò pé ẹnìkan ládùúgbò ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe kẹ́ẹ́dùn. Ṣùgbọ́n Saro kò sí ládùúgbò kankan. Inú sinimá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ro ìtàn náà fún àwọn òǹkàwé wa tí kò rí i, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ojú yín kì í gba ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹ́ títí. Ànìkúlápó ni orúkọ sinimá náà. Ọ̀gbẹ́ni Kunle Afolayan, ọmọ olóògbé Adeyemi Afolayan tí gbogbo wa mọ̀ sí Ade Love, ni ó ṣe é, Netflix sì gbé e jáde fún gbogbo aiyé ní ọjọ́ 30 oṣù September, 2022. Saro jẹ́ ahunṣọ òfì tí ó wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ojú rere tí ó rí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin kó sí i lórí, títí ó fi di olùfẹ́ Arolake, olorì ọba. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n pa á. Níbi tí òkú rẹ̀ wà nínú igbó ni ẹyẹ àkàlà ti bá a, tí ó sì jí i dìde. Arolake lé ẹyẹ náà, ó mú àdó tí agbára ìjíǹde wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni Saro ti di ẹni ńlá, tí ó ń jí òkú, tí ọrọ̀ sì ń wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin ọba ìlú náà kú, ó ní àfi bí wọ́n bá fi ọmọbìnrin ọba fún òun kí òun tó jí i. Arolake, tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́, ti ba agbára inú àdó jẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Saro pe òkú, òkú kò dáhùn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ti yí sí ikú.

Ìlaròó ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ìlaròó ni ó ṣe ọba Ọ̀yọ́ nínú sinimá náà, èyíinì ni Ọ̀gbẹ́ni Taiwo Hassan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ògògó, tí a bí ní ọdún 1959. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn ará ilé wa mú ọ̀ràn Saro bí ọ̀ràn ìdílé.

Àwọn tí wọ́n wí pé Saro kò kú ní ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ti kú rí tí ó sì jí, wọ́n ní, ta ni yóò búra pé kò ní jí lẹ́ẹ̀kejì? Àkàlà ṣì ń fò, igbó kò sì jóná. Orúkọ tí a fún ìtàn náà pàápàá jẹ́rìí sí i: ẹni tí ó ní ikú lápò, báwo ni ikú yóò ti ṣe rí i mú? Wọn a sì tún béèrè pé, sàréè rẹ̀ dà? Àwọn tí wọ́n ní ó kú kò gba èyí. Wọ́n ní agbára tí a ti dà nù kò ṣe é kó mọ́, bí omi tí ó dànù. Wọ́n sì ní bí Saro bá yè é, a jẹ́ pé ìgbéraga kò ní ẹ̀san, ìtàn náà kò sì ní ìdí tí a fi ń pa á. Ìyá tí ó bá ń jiyàn báyìí kì í ronú nípa Saro nìkan. Ọmọkùnrin tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ti ń fẹ́ di olówó òjijì, ni ó ń bá wí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù March, 2024, èyí tí ó tẹ̀lé e jáde, eré alápá mẹ́fà, ẹgbẹ́ méjèèjì sì pariwo pé àwọn ni àwọn jàre. Saro ti kú. Ìyẹn kúrò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé ní ibodè ọ̀run. Wọ́n ní kí ó padà lọ kó àwọn ọkàn tí ó ti jí dìde láìgbàṣẹ wá. Àwa ará Yewa kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún wa. Láti August 2019 tí ìjọba ti ti ibodè títí di April 2022 tí wọ́n tó ṣí ti Ìdìróko, a ti mọ bí ó ti ń rí kí a dé ẹnu ibodè kí a sì dá ni padà nítorí ẹrù tí a kò gbàṣẹ lé lórí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù December, 1893, Arthur Conan Doyle, dókítà àti òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Sherlock Holmes. Ó ní òun àti ọ̀tá rẹ̀ jọ ṣubú sínú ọ̀gbun ní ìdí ìtàkìtì omi kan ní ilẹ̀ Switzerland. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí i bí ó ti ń ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wá a lọ rí ọ̀pá rẹ̀ àti ìwé kékeré tí ó kọ sílẹ̀, kò rí òkú. Àwọn òǹkàwé bínú, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n kò sì gbà. Ní ọdún 1903 Doyle mú Holmes padà wá láàyè, ó ní kò tilẹ̀ ṣubú rárá. Òǹkọ̀wé tí kò bá fi òkú hàn ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, àwọn òǹkàwé yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n kí Doyle tó mú gègé, Yorùbá ti ń jiyàn irú ikú bẹ́ẹ̀. Ṣé ọba so tàbí ọba kò so? Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé Ṣàngó kọ̀wé fún ìtẹ́ sílẹ̀ nínú ìbànújẹ́, pé àwọn tí ó bá a jáde kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà, ó sì pokùn so. Nígbà tí àwọn ará ìlú ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n kọ́ bí a ti ń fa àrá wá sórí ilé ọ̀tá. Iná bẹ̀rẹ̀ sí jó ilé káàkiri. Ẹnu tí ń wí pé ọba so wá ń wí pé ọba kò so. Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kò sí ẹ̀rí tuntun kan nípa igi tàbí nípa okùn. Ẹ̀rù ilé tí ń jó ni ó dá ẹjọ́ náà. Nígbà tí Duro Ladipo, ọmọ katikíìsì ìjọ Áńgílíkà, gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964, Ọba Kò So ni ó sọ ọ́. Ó ti yan ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ wa gan-an. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín Yewa àti Kétu, tí a ń pè ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, jẹ́ ilẹ̀ tí ikú tí ẹnìkan kò fi ojú rí ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Òkè-Ọ̀dàn run ní 1848. Ní 1886 wọ́n pa Kétu run. A pa àwọn kan, a kó àwọn kan lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, àwọn kan sá sínú igbó. Ní alẹ́ ọjọ́ ogun, ta ni ó lè mọ èyí tí ọmọ òun jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Lẹ́yìn náà, ní August 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fa ìlà gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, Kétu bọ́ sí ọwọ́ àwọn Faransé, ẹni tí ó bá sì wà lódì kejì di ará orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àkúdàáyà. Wọ́n ní ènìà kan kú, a sì sin ín. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, oníṣòwò tí ó ti ìrìn àjò dé wí pé òun rí i ní ọjà ìlú òkèèrè, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bí ọmọ, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ará ilé bá dìde lọ wò ó, yóò pòórá kí wọ́n tó dé. Mo ti rò ó títí pé kì í ṣe inú òfo nìkan ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ní aiyé ogun, ẹni tí a kó lẹ́rú kò yàtọ̀ sí òkú lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n sunkún rẹ̀, wọ́n ṣe ìnáwó, wọ́n pín ogún rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lọ sílé ọkọ mìíràn. Bí ẹnìkan bá wá ti Àjàṣẹ́ dé tí ó ní òun rí i, ó rọrùn kí wọ́n wí pé àkúdàáyà ni ju kí wọ́n dá oko padà. Òtítọ́ náà ni pé ẹlòmíràn wà láàyè tí a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu sin.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, tí a sì já a gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní oṣù August, 1846, ní Abẹ́òkúta, Samuel Ajayi Crowther, tí ó ti di àlùfáà láti 1843, tún fi ojú kan ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láàárín wọn. Ìyá náà kò lè ké, kò sì lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Kò sí ẹyẹ àkàlà nínú èyí, kò sí àdó. Ìyá àti ọmọ tí olúkúlùkù ti rò pé èkejì ti di ohun ìgbàgbé ni.

Títí di òní yìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin a jáde lọ, a ní Líbíà ni òun ń gbà kọjá sí Yúróòpù. A pe fóònù láti aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, nọ́ḿbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Bàbá a ní kí a ṣe ìsìn ìrántí fún un. Ìyá a ní òun kò rí òkú ọmọ òun. Àbúrò rẹ̀ a ní ẹnìkan rí ẹni tí ó jọ ọ́ nínú àwòrán kan. Bí àwọn ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ bá ń jiyàn nípa Saro ní pálọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ìyá wọn bá rọra dìde lọ sí ilé ìdáná. Ohun tí à ń fi ṣeré nínú ìtàn ni ó ń gbé lé orí lójoojúmọ́, kò sì sí ìgbà tí apá kejì yóò jáde fún un.

Mo ti gbọ́ tí àwọn òbí kan ń wí pé kí a má jẹ́ kí ọmọ Kristẹni wo irú sinimá bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi kò fi gbogbo ara sí èyí. Lásárù wà nínú Bíbélì wa, àwọn ọmọ wa sì ti béèrè rí bóyá ó tún kú lẹ́yìn náà. Ìbéèrè kan náà ni. Ohun tí ó yẹ kí a bá wọn sọ ni ti owó tí Saro ń gbà. Ọmọ tí ó bá jiyàn fún wákàtí kan nípa àkàlà láì béèrè ìdí tí ó fi béèrè ọmọ ọba lọ́wọ́ bàbá tí ń ṣọ̀fọ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí a pè jókòó.

Ní ti àwọn tí a kò rí òkú wọn, òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 wí pé, ẹni tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbúròó rẹ̀ bí ó bá wà láàyè kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, ilé ẹjọ́ lè kà á sí òkú, àyàfi bí ẹ̀rí mìíràn bá tako èyí. Kí ọdún méje náà tó pé, ìyàwó kò lè fi bẹ́ẹ̀ sọ ara rẹ̀ di opó, ọmọ kò sì gbọdọ̀ ta ilẹ̀ bàbá. Àwọn kan ní ọdún méje pẹ́ jù. Àwọn ìyá kan ní kò tó. Saro ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí a dé ilé ẹjọ́: láti September 2022 dé March 2024, oṣù mẹ́tàdínlógún péré ni a fi dúró dè é.