Igi Tó Wúwo Tàbí Igi Tó Fúyẹ́: Èwo Ni Ká Fi Dáná?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń yan ẹja àti gbogbo onílé ní Palmgrove, Shomolu àti Bariga

Gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Palmgrove báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó gáàsì bá ju agbára lọ, ààrò onígi àti àdògán èédú a tún jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó ń fi ìkòkò ńlá se ìrẹsì fún títà kò tilẹ̀ kúrò nídìí igi rí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bariga. Ìbéèrè tó sì máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn ni pé: èwo ló sàn, igi tó le tó sì wúwo, àbí èyí tó fúyẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu. Bí méjèèjì bá gbẹ dáadáa, iye ooru tó wà nínú kílò kan arère àti kílò kan ọ̀pẹ̀pẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí igi ṣe kì sí ló yàtọ̀. Arère tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan kò ju bíi kílò 380 lọ. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ a tó bíi kílò 750. Ìdì la sì ń rà lọ́jà, a kì í gbé igi ìdáná sórí ìwọ̀n. Ìdì ọ̀pẹ̀pẹ̀ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ tí ìdì arère méjì lè ṣe. Bí iye owó wọn bá jọra, èyí tó wúwo ni kí ẹ gbé.

Igi tó le kì í tètè ràn, ṣùgbọ́n ẹyin iná rẹ̀ a pẹ́ kó tó kú. Òun ló yẹ ẹ̀wà, ṣàkì àti ẹran tó gbó. Ayìn ni ọ̀pọ̀ alásè fẹ́ràn jù nínú irú igi bẹ́ẹ̀, èédú rẹ̀ náà sì dára. Igi tó fúyẹ́ a gbaná kíá, ọwọ́ iná rẹ̀ a ga, a sì tètè jó tán. Ẹ fi dá iná, ẹ fi gbé omi kaná. Àwọn ìyá tó mọṣẹ́ ti ń da méjèèjì pọ̀ tipẹ́, a ò ní ohun tí a fẹ́ fi kún ìyẹn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni omi inú igi. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ lè jẹ́ omi. Ẹni tó bá ru kílò 10 irú rẹ̀ lọ sílé, kílò 5 omi ló rù. Iná ní láti kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó ráyè gbọ́ ti ìkòkò, ìgbà yẹn ni èéfín tó ki a bo gbogbo àgbàlá. Nítorí náà, kí ìwúwo nìkan má tàn yín jẹ: ó lè jẹ́ omi ló wúwo. Ẹ wo orí igi níbi tí wọ́n ti gé e. Èyí tó gbẹ a máa là. Ẹ fi méjì kan ara wọn. Igi gbígbẹ a dún ketekete, tútù a dún bí ẹni lu ilẹ̀. Èèpo igi tó gbẹ a sì máa tètè ṣí kúrò lára rẹ̀. Arère gbígbẹ sàn ju ayìn tútù lọ nígbàkigbà.

Ẹ ra igi òjò sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ òrùlé, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí omi gọ́tà máa ń ya wọ àgbàlá yín mọ bí búlọ́ọ̀kù náà ṣe yẹ kó ga tó.

Ìyókù igi náà ń dáná. Òkòbàbá ní Ẹbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti la gẹdú tó gba orí ọ̀sà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jìnnà sí wa; ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá mọ èéfín lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n máa ń sun níbẹ̀. Àwọn kan ń kó lẹ́búlẹ́bú yìí sínú garawa onírin tí wọ́n lu ihò sí nísàlẹ̀. Wọ́n á ki ìgò bọ àárín rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, wọ́n á wá fa ìgò náà yọ kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Bó bá gbẹ, a jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń kó o, pàápàá ti ìrókò, tó máa ń yún ara tó sì máa ń dí èèyàn ní imú.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fún lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀ pọ̀ di wóró tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 tàbí 8, tí wọ́n ń sun nínú sítóòfù láti fi lé òtútù jáde nínú ilé. Àríyànjiyàn igi líle àti igi rírọ̀ kò tán lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àmọ́ ẹ̀rọ ti fún méjèèjì kì dọ́gba, ìyàtọ̀ tó kù kò tó nǹkan: oje inú igi páìnì mú kí ooru tirẹ̀ fi díẹ̀ lé, eérú rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Gbígbẹ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi inú wóró tó dára jù kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń lò ó lókè òkun, ẹ sọ fún un pé kó má kó wóró jọ rẹpẹtẹ sínú yàrá tí atẹ́gùn kò wọ̀, torí ó lè tú kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, gáàsì olóró, jáde láìtíì fojú kan iná.

Èédú ló ń tú gáàsì yìí jáde lọ́dọ̀ wa. Kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Ẹ má gbé àdògán èédú wọ yàrá, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ tàbí tí ọyẹ́ ń fẹ́. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí tí wọ́n ń bì, ẹ gbé wọn jáde síta, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112.

Kò sí igi tí kò léèéfín, líle ni o, rírọ̀ ni o. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020. Ó ń fa òtútù àyà fún ọmọdé, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ìyá jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí apá yín bá ká gáàsì, gáàsì ni kí ẹ lò. Bí kò bá ká a, ìta gbangba ni kí ẹ dáná sí, kí ọmọ ẹ̀yìn má sì sí lẹ́yìn yín nídìí ààrò.

Pákó ọlọ́dà, páálí onígọ́ọ̀mù àti igi tí wọ́n fi oògùn kòkòrò rẹ kì í ṣe igi ìdáná, bó ti wù kó gbẹ tó. A mọ̀ pé ìgékù bébà ilé ìtẹ̀wé kò wọ́n ní Shomolu. Èyí tó funfun lè ṣáná, èyí tí yíǹkì ti kún, ẹ jù ú síbi ìdalẹ̀.

Eérú lè máa gbóná nínú títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má dà á sínú ọ̀rá tàbí kẹ̀kẹ́ ìdalẹ̀ oníke kí ẹ tó bu omi pa á. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ tà fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, kó jẹ́ eérú igi lásán, tí kò ní ti pákó ọlọ́dà nínú.