Láti Utqiaġvik dé Hammerfest: Kí Ló Dé Tí Ọ̀nà Tó Kúrú Jù Fi Gba Orí Ayé?

Ẹ wo máàpù ayé, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri kíláàsì. Ẹ wá Utqiaġvik ní ìpẹ̀kun àríwá Alaska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ tún wá Hammerfest ní àríwá Norway. Tí mo bá ní kí ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, mo mọ̀ pé gbọọrọ lẹ máa fà á, láti òsì sí ọ̀tún, gba orí Kánádà àti Greenland. Ọ̀nà yẹn gùn tó nǹkan bíi 6,500 kìlómítà. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó kúrú jù ú lọ dáadáa.

Ayé rí rogodo, máàpù ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí wọ́n tó lè tẹ́ ohun rogodo sórí bébà, wọ́n ní láti fẹ apá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Greenland fi máa ń dà bíi pé ó tó Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá tóbi jù ú lọ.

Ẹ mú ọsàn kan. Ẹ fi bírò tọ́ àmì méjì sí itòsí orí rẹ̀, kí wọ́n dojú kọra. Ẹ wá fa òwú le láàárín wọn. Ṣẹ́ ẹ rí i? Orí ọsàn gan-an ni òwú náà gbà.

Bọ́rọ̀ ìlú méjèèjì ṣe rí nìyẹn. Utqiaġvik wà ní dìgírì 71.3 sí àríwá, Hammerfest wà ní 70.7, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọra rẹ́gí. North Pole wà ní dìgírì 90. Ẹ bá mi yọ ọ́: 18.7 ló kù fún ti àkọ́kọ́, 19.3 fún ìkejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 38. Dìgírì kan tó nǹkan bíi 111 kìlómítà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4,200. Èkó sí London gan-an jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Àwọn kan ti fo irú ọ̀nà yìí rí. Ní April 1928, Hubert Wilkins àti Carl Ben Eielson gbéra nítòsí Utqiaġvik nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, wọ́n gba orí yìnyín dé Svalbard ti Norway. Ó gbà wọ́n ju ogún wákàtí lọ.

Lónìí ńkọ́? Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Ìlú kékeré ni méjèèjì, èrò tó máa kún ọkọ̀ ò sí. Pápákọ̀ òfuurufú Hammerfest náà ò gùn tó 1,000 mítà, ọkọ̀ ńlá ò lè balẹ̀ síbẹ̀. Tẹ́nì kan bá gba Anchorage, Seattle àti Oslo, ìrìn àjò rẹ̀ á lé ní 12,000 kìlómítà, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.

Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán o. Kò sí títì tó so Utqiaġvik mọ́ ìlú mìíràn. Tí àìsàn ẹnì kan bá ju agbára ọsibítù ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ló máa gbé e lọ sí Anchorage, ó lé ní 1,100 kìlómítà. Tójú ọjọ́ ò bá dáa, àfi kó dúró. Fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ibi tí ọkọ̀ lè balẹ̀ sí, àti ìgbà tó lè gbéra, ló ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tó kúrú jù lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú òwú yín, kí ẹ sọ ìlú méjì tẹ́ ẹ fẹ́ ká jọ wọ̀n.