Tọkọtaya lọ wo bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, ẹ̀rọ ní kókó olómi wà níkùn ọmọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́nu tọkọtaya tó bá ń lọ ṣe síkáànì oyún: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Àwọn míì ti dé ìsọ̀ alásọ ọmọ, àwọ̀ aṣọ nìkan ló kù tí wọ́n fẹ́ mú. Ìyá ọkọ náà ti jókòó ti fóònù, ó ń retí. Àfi bí ẹni tó ń ya àwòrán bá dákẹ́ lójijì, tó ń ti ohun ọwọ́ ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ikùn aboyún, tó wá ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí dókítà wá bá wa wò ó." Òógùn ti bo obìnrin náà nìyẹn, bí ẹ̀rọ amúlétutù tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ọ̀hún.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé tí tọkọtaya náà mú dání jáde ni pé kókó kan tó kún fún omi, èyí táwọn dókítà ń pè ní cyst, wà níkùn ọmọ tí wọn ò tí ì bí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délé, ẹnu ò ní í gbà á mọ́. Ẹnì kan á ní ayé ló fọwọ́ bà á, ẹlòmíì á ní kí wọ́n wá àgbo tí yóò fọ inú, àwọn kan ò sì ní í fi bò, wọ́n á ní kí wọ́n yáa ṣẹ́ oyún náà kó tó di wàhálà. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tí ì béèrè ibi tí kókó náà wà gan-an. Ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà o.

Àwọn míì tiẹ̀ máa ń ní ẹ̀rọ òyìnbó náà ló ń wá wàhálà síni lára. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kókó olómi wà lára ohun tó sọ ẹ̀rọ náà di olókìkí. Nílùú Glasgow, ní Scotland, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John MacVicar àti Tom Brown, mú irú ẹ̀rọ táwọn ilé iṣẹ́ fi ń wá ibi tó sán lára irin, wọ́n gbé e lé ikùn èèyàn. Obìnrin kan wà tí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ẹ̀rọ ní rárá, kókó olómi ńlá ni. Wọ́n yọ ọ́, obìnrin náà sì yè. Inú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ti ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1958, ni wọ́n ti ròyìn iṣẹ́ wọn.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọ inú oyún. Kíndìnrín wà níkùn rẹ̀, àpò ìtọ̀ wà níbẹ̀, ìfun ń bẹ, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀nà òróòro náà ń bẹ. Omi tó bá wà níbi yòówù nínú wọn, dúdú ló máa ń hàn lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọ̀kan nínú ohun tí dókítà máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni pé: ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ẹ ò rí i pé ìbéèrè tí tọkọtaya gbé wá síbẹ̀ kì í ṣe ti eré.

Bó bá jẹ́ obìnrin, tí kókó ọ̀hún wà lápá ìsàlẹ̀ ikùn, ilé ẹyin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kò sẹ́ni tó ṣépè fún un. Àwọn họ́mọ̀ònù tó ń gbé oyún dúró, tó wá látara ìyá àti ibi ọmọ, ló dé ara ọmọbìnrin náà, tó ta ilé ẹyin rẹ̀ jí ṣáájú àsìkò. Lẹ́yìn oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń rí i. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2016 pé kí aboyún ṣe síkáànì ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn sì dáa, àmọ́ síkáànì ìgbà yẹn lè má rí kókó yìí rárá, kí ti oṣù kẹjọ wá gbé e jáde. Làwọn èèyàn á bá máa bú ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ pé kò mọ iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ti bí ọmọ náà tí wọ́n gé ìwọ́, họ́mọ̀ònù ìyá ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn kókó wọ̀nyí, àgàgà àwọn kéékèèké tó jẹ́ kìkì omi, á rọ fúnra wọn láàárín oṣù mélòó kan láìfi abẹ kàn án. Kódà, kì í sábà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5 kúrò lóhun à ń fojú di. Ó lè lọ́ bí ìgbà téèyàn lọ́ ọrùn àpò gaàrí, kí ẹ̀jẹ̀ má ríbi gbà dé ilé ẹyin náà mọ́, kó sì kú mọ́ ọmọ lára. Ilé ẹyin ọ̀hún lọmọ náà fẹ́ fi bímọ lọ́la.

Bó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ló kún àkúnjù, torí awọ kan dínà ìtọ̀. Ìtọ̀ á máa padà sẹ́yìn, á máa ba kíndìnrín jẹ́ látinú oyún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i, láìfi falẹ̀. Nígbà míì sì rèé, àpò omi méjì ni ẹ̀rọ á rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lókè ikùn. Ìyẹn kì í ṣe kókó; àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ló kún, tí ìfun dí níwájú. Omi ọmú ò ní í ríbi kọjá, àfi iṣẹ́ abẹ. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní Down syndrome, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí fáwọn òbí láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ìdí tí dókítà fi ń ní kí wọ́n padà wá ṣe síkáànì nìyẹn, tó sì ń ní kí wọ́n bímọ síbi tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà nítòsí. Wọ́n wà ní LUTH n'Ídì-Àràbà, wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn. Owó ọkọ̀ àti owó síkáànì mìíràn kì í ṣe kékeré lápò òṣìṣẹ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn.

Èyí tó máa ń tan àwọn òbí jẹ jù ni kókó abẹ́ ẹ̀dọ̀, lọ́nà òróòro. Ọmọ á dáyé tán, á sunkún dáadáa, á mu ọmú, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé síkáànì á wọ abẹ́ ẹní, torí kí ló tún kù? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ọmọ ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àdín. Ìyá àgbà á gbé e sóòrùn àárọ̀, wọ́n á fún un lómi gulukóòsì. Ìgbẹ́ ọmọ ni kí wọ́n wò. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, òróòro ò dé inú ìfun nìyẹn, ẹ̀dọ̀ sì ti ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà òróòro bá dí pátápátá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún un máa ń dáa jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé ọgọ́ta ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọmọ lórúkọ ti gbà tó mẹ́jọ lọ nínú ẹ̀.