Ilé Àtijọ́ ní Dalori: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Kọ́kọ́ Tún Ṣe fún Ìlera Ìdílé

Dalori jẹ́ ìletò kan ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Bama, lẹ́yìn odi ìlú Maiduguri tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ Borno. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2016, àwọn agbésùnmọ̀mí Boko Haram ya wọ ibẹ̀, wọ́n pa ènìyàn tí ó lé ní 60, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Nítòsí ìletò náà ni àgọ́ ńlá wà nígbà náà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ogun lé kúrò ní Bama àti àwọn ìlú mìíràn forí pamọ́ sí. Ní ọdún 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn àgọ́ Maiduguri pa. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti padà sí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì háyà ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún ọdún púpọ̀.

Bí tọkọtaya bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí ni ọ̀dà tí ó ti ṣí lára ògiri, géètì tí ó ti dípẹtà, àti ilẹ̀ yàrá tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sán. Ibẹ̀ náà ni owó díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ. Kò burú kí ènìyàn fẹ́ kí ilé òun dára lójú àlejò, ṣùgbọ́n àrùn kì í wo ọ̀dà kí ó tó wọlé. Ẹnu kànga, ihò ṣáláńgá, àfo tí ó wà láàárín ògiri àti òrùlé, àti omi tí ó dúró lẹ́yìnkùlé ni ọ̀nà tí ó ń gbà. Bí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣáájú ní agbègbè tí ogun ti jà. Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ àgbàlá, tàbí kí ó dáná sun pàǹtí, ó yẹ kí ó yẹ ilẹ̀ náà wò dáadáa, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti padà ṣáájú rẹ̀. Àwọn ohun ìjà tí kò tíì bú gbàmù ṣì wà nínú ilẹ̀ ní àwọn ibì kan ní Borno. Bí a bá rí irin tí a kò mọ irú ohun tí ó jẹ́, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án, kí a má sì ṣe sọ òkúta lù ú. Kí a gba ojú ẹsẹ̀ tí a gbà wọlé padà, kí a kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí a sì fi tó bùlámà àdúgbò tàbí àwọn agbófinró létí.

Òkìtì búlọ́ọ̀kù tí ó wó, àti igi òrùlé tí ó ti jóná, jẹ́ ilé fún paramọ́lẹ̀ àti àkeekèé. Ọ̀pá gígùn ni kí a fi tú u, kì í ṣe ọwọ́ lásán, kí ẹni tí ó ń tú u sì wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe fi abẹ sín in, kí a má sì ṣe fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin. Oògùn tí ń pa oró ejò nìkan ni ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ilé ìwòsàn sì ni ó wà.

Omi àti ilé ìyàgbẹ́ ni orí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àrùn kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ Muna Garage ní Maiduguri, ó sì tàn dé Dikwa àti Monguno. Kí ọdún náà tó parí, ènìyàn tí ó lé ní 5,000 ni a fura sí pé wọ́n kó o, 61 nínú wọn sì kú. Kòkòrò àrùn náà a máa jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ aláìsàn, ó sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹlòmíràn kí ó tó lè ṣe é ní ibi. Omi ni ó sábà máa ń gbé e débẹ̀. Bí ó bá dé inú, omi ara aláìsàn a bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀ bí kò bá rí ìtọ́jú.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Snow fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kọ́lẹ́rà pa ní àdúgbò Soho ni wọ́n mu omi láti inú ẹ̀rọ omi kan náà. Nígbà tí wọ́n wa ilẹ̀ ibẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé kòtò ẹ̀gbin ilé kan ti ń jò sínú ilẹ̀, kòtò náà kò sì tó mítà kan sí kànga tí ẹ̀rọ ń fa omi rẹ̀.

Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri àgbáyé ń tẹ̀lé ni pé kí ihò ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ ihò náà sì fi mítà kan àti ààbọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Mítà 30 tó nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Kí ọkọ tàbí ìyàwó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó pe bíríkìlà, kí wọ́n má sì gbàgbé ṣáláńgá aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri, nítorí omi inú ilẹ̀ kò mọ ààlà. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlá ni kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí báyìí, kí a fi omi kànga náà po sìmẹ́ǹtì, kí a sì fi fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni kí a ti pọn omi mímu. Bí kò bá sí ibòmíràn, kí a sè é títí tí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí a sì bò ó.

Kànga fúnra rẹ̀ nílò ògiri kékeré yí ẹnu rẹ̀ ká, ìdérí, àti sìmẹ́ǹtì tí a tẹ́ yí i ká, tí ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi tí ó bá dànù má baà ṣàn padà sínú rẹ̀. Okùn kan àti garawa kan ni kí ó wà fún un, kí a máa fi wọ́n kọ́ òkè, kí a má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ní ilẹ̀. Ní ti ṣáláńgá àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀ ni kí a yẹ pèpéle rẹ̀ wò bóyá ó ti sán, nítorí ihò tí òjò ti wọ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ya lulẹ̀ lójijì. Bí a bá fẹ́ ṣe tuntun, irú èyí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe ní àwọn ọdún 1970 dára púpọ̀. Páìpù kan máa ń ti inú ihò gòkè kọjá òrùlé, a ó sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ a fa òórùn gba inú páìpù jáde. Eṣinṣin tí ó wà nínú ihò a fò lọ síbi tí ó ti rí ìmọ́lẹ̀, èyíinì ni orí páìpù, nẹ́ẹ̀tì a sì dá a dúró títí yóò fi kú. Nítorí èyí ni inú ilé ìyàgbẹ́ náà fi gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá tí ó pọ̀ nínú ìlú Maiduguri. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa kó ẹ̀gbin ṣáláńgá sínú kànga. Kànga tí ó bá ti rí àgbàrá, kí a fa omi inú rẹ̀ gbẹ, kí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó sì fi kúlórínì tọ́jú rẹ̀ kí a tó tún mu nínú rẹ̀.

Ẹ̀fọn ni ó kàn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni òjò máa ń rọ̀ jù ní agbègbè yìí, ìgbà náà sì ni ibà ń gbilẹ̀. Bí a bá ń dí ihò àgbàlá, tí a sì la gọ́tà kékeré sí ojú òde, a ti gba ibùgbé lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n rí oríṣi ẹ̀fọn kan tí ó ti Éṣíà wá, Anopheles stephensi, ní ìpínlẹ̀ Gombe tí kò jìnnà sí Borno. Inú táǹkì àti dúróòmù omi ilé ni ẹ̀fọn yìí fẹ́ràn láti yé ẹyin sí, nítorí náà ó lè gbé ibà wọ ìgboro kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdérí tí ó ṣe rẹ́gí lórí gbogbo ohun tí a ń tọ́jú omi sí kò wọ́n rárá.

Nínú ilé, ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni àfo tí ó wà lábẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń fa ibà máa ń gbà wọlé lóru. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní agbègbè Farafenni ní orílẹ̀-èdè Gambia, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ní àwọn ilé tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí wọ́n sì dí àfo òrùlé, ẹ̀fọn tí ń wọlé fi ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní ibi tí wọ́n kàn fi nẹ́ẹ̀tì ṣe àjà sábẹ́ òrùlé, ó fi ìdá 47 dín kù. Àwọn ọmọ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ń bá jà jẹ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé tí wọn kò fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n 12 péré ní àwọn ilé tí wọ́n tún ṣe. Nẹ́ẹ̀tì orí ibùsùn ṣì gbọ́dọ̀ wà o, ọ̀kan kò gba ipò èkejì.

Àǹfààní mìíràn tí ó wà lára nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni pé ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru Maiduguri a máa kọjá ìwọ̀n 40. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni àìsàn yírùnyírùn máa ń jà, pàápàá níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá ń sùn nínú yàrá kan tí atẹ́gùn kò wọ̀. Ní ọdún 1996, ó kọlu ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa èyí tí ó lé ní 11,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà oríṣi márùn-ún nínú kòkòrò àrùn yìí. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ náà ṣì nílò fèrèsé. Bí bíríkìlà bá sọ pé kí ẹ dí fèrèsé kan nítorí olè tàbí nítorí ekuru ọyẹ́, ẹ ní kí ó fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i dípò búlọ́ọ̀kù. Igi dógóyárò, tí ìlú Maiduguri kún fún, dára fún òjìji, bí a bá gbìn ín jìnnà sí ògiri àti kànga.

Kí káfíńtà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já òrùlé, ẹ béèrè irú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni àjà tàbí òrùlé wọn jẹ́ asbestos. Bí ó bá wà ní odindi tí a kò sì fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kéré. Bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí a fọ́ ọ, ekuru rẹ̀ a wọ ẹ̀dọ̀fóóró, ó sì lè di àìsàn jẹjẹrẹ lẹ́yìn 20 sí 40 ọdún. Kí a fi omi rin ín kí a tó tú u, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odindi, kí a rì í mọ́ ilẹ̀, kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀.

Ọ̀dà ni ó wá kẹ́yìn, òun náà sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010, ekuru òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ekuru ọ̀dà kì í pọ̀ tó ìyẹn, àmọ́ ọmọ tí ń rá kòrò a máa fi ọwọ́ kó o sẹ́nu lójoojúmọ́. Kí a fi omi rin ògiri kí a tó họ ọ̀dà náà kúrò, kí aláboyún àti àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹbí títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí a sì fọ aṣọ tí a fi ṣiṣẹ́ náà lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ.