Àdó Olóró Tó Ń Retí Ẹsẹ̀

Olùgbọ́ wa kan béèrè lẹ́yìn ètò tó kọjá pé kí ni Yorùbá ń pe bọ́ǹbù tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Àdó olóró abẹ́ ilẹ̀ ni. Mo dá a lóhùn tán ni mo wá gbọ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ò jìnnà sí mi rárá.

Verona ni mo ń gbé. Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Milan, ẹ máa kọjá lẹ́bàá adágún Garda kẹ́ ẹ tó dé Brescia. Ìlú kékeré kan wà nítòsí Brescia tó ń jẹ́ Castenedolo. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Valsella wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí, mi ò mọ̀!

Ọ̀kan nínú àdó tí wọ́n ṣe ni VS-50. Kò ju agolo ìpara lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ni ìbú rẹ̀. Ike ni ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ láti rí i. Àmọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ ló dẹ́rù bà mí jù. Tí bọ́ǹbù mìíràn bá bú nítòsí, tí agbára rẹ̀ gbá a lójijì, kò ní bú. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Ohun tó bá rọra tẹ̀ ẹ́ ló ń mú kó bú. Kí ló ń rọra tẹ ilẹ̀? Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń da ewúrẹ́, ẹsẹ̀ ìyá tó ń lọ ṣẹ́gi. Ẹnì kan jókòó ro ìyẹn o, ó sì yà á sórí pépà.

Obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń to àdó náà pọ̀. Owó oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá, bíi tèmi àti tiyín. Franca Faita, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wà lára àwọn tó dìde láàárín ọdún 1990 sí 1997 pé àfi kí wọ́n fòfin de àdó yìí. Ẹ rò ó wò: òṣìṣẹ́ ń bẹ ìjọba pé kó fòfin de iṣẹ́ tó ń bọ́ òun! Ní oṣù kẹwàá ọdún 1997, Ítálì ṣe òfin náà. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2002, wọ́n ti ba èyí tó lé ní mílíọ̀nù 7 jẹ́ nínú èyí tí wọ́n tọ́jú pa mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin ò lè hú èyí tó ti wà nínú ilẹ̀. Àdó tí wọ́n ṣe ní Ítálì pọ̀ ní Kurdistan, ní àríwá Ìráàkì. Ẹgbẹ́ EMERGENCY, tí Dókítà Gino Strada àti Teresa Sarti dá sílẹ̀ ní Milan lọ́dún 1994, ní ibùdó kan ní Sulaimaniya tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ohun àṣelẹ́ẹ̀kan fọ́mọdé: egungun ń dàgbà, ike kì í dàgbà. Nílé náà, àdó tí àwọn Boko Haram ń fọwọ́ ara wọn ṣe ń pa àwọn àgbẹ̀ ní Borno.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì, àyè kan wà nínú ìwé owó orí yín tí wọ́n ń pè ní cinque per mille. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Ìjọba á yọ 5 nínú 1,000 owó orí yín fún wọn. Kọ́bọ̀ kan ò ní kúrò lápò yín lé e. Ọdún mélòó kan ni mo ti fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.