Ṣọ́ọ̀ṣì Onítáyà: Bí Àwọn Ìjọ Montgomery Ṣe Gbé Ará Ìlú Fún Ọjọ́ 381

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Montgomery, ẹni tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni Rosa Parks tó kọ̀ tí kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Martin Luther King tó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwàásù kì í gbé èèyàn dé ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1955, nǹkan bí 40,000 adúláwọ̀ tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alabama yìí pa bọ́ọ̀sì tì, wọn ò sì torí ẹ̀ pa iṣẹ́ jẹ. Ẹni tó ń dáná fún òyìnbó ṣì gbọ́dọ̀ dé kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, ẹni tó ń fọṣọ náà ò gbọdọ̀ pẹ́. Ta wá ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀, fún ohun tó lé ní ọdún kan?

Àwọn ìjọ ni. Kì í ṣe ẹnu pásítọ̀ ni mò ń sọ o. Àwo ọrẹ ni mò ń sọ, àti ìkéde ọjọ́ Àìkú, àti ilé ìdáná àwọn ìyá ìjọ, àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí ìwé ọkọ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ irú bọ́ọ̀sì tí à ń wí. Adúláwọ̀ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú èrò, síbẹ̀ ìjókòó mẹ́wàá iwájú, ti aláwọ̀ funfun ni, ì báà ṣófo. Èèyàn á san sẹ́ǹtì mẹ́wàá lọ́dọ̀ dírẹ́bà níwájú, á tún sọ̀ kalẹ̀, á yí gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn, kó tó dé ẹ̀yìn ọ̀hún, dírẹ́bà ti fi iná sí i, ó ti gbé owó lọ. Vernon Johns, pásítọ̀ tó ṣáájú King ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ti Dexter Avenue, bínú lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn, ó gba owó rẹ̀ padà, ó sì ní kí àwọn èrò tó kù tẹ̀ lé òun bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira. Ìtàn yìí máa ń wù mí torí pé ó fi hàn pé ẹ̀mí ìgboyà nìkan ò tó; ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò wọ̀ délé.

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ronú débẹ̀. Jo Ann Robinson, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ Alabama, ló ń darí Women's Political Council, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú. Dírẹ́bà kan ti jágbe mọ́ ọn lọ́dún 1949 tó fi ń sunkún bọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954 ó kọ̀wé sí méyọ̀ ìlú, W. A. Gayle, pé bí nǹkan ò bá yí padà, àwọn èèyàn òun lè pa bọ́ọ̀sì tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1955, wọ́n mú Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, torí irú ọ̀ràn ìjókòó kan náà tí wọ́n padà torí ẹ̀ mú Parks ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. E. D. Nixon tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló lọ gba béèlì Parks. Lóru ọjọ́ yẹn Robinson àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ibẹ̀ tẹ ìwé ìléwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún: kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn nídìí ẹ̀.

Ibi tí ìjọ ti wọlé nìyẹn. Ìwé ìléwọ́ lè sọ nù, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn pásítọ̀ pé jọ ní Dexter Avenue, wọ́n gbà láti kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ. Nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, bọ́ọ̀sì ń kọjá lófìfo. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn dọ́là mẹ́wàá lé Parks, pẹ̀lú dọ́là mẹ́rin owó kóòtù.

Kí a má parọ́, ẹsẹ̀ àwọn pásítọ̀ ò tètè balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ Montgomery Improvement Association sílẹ̀, àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà ní bòńkẹ́lẹ́ kí òyìnbó má mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Nixon fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára, ó ní ojo ni wọ́n. King, ọmọ ọdún 26 tí kò tíì pẹ́ nílùú, ni wọ́n fi ṣe alága. Kò tíì ráyè ní ọ̀tá. Lálẹ́, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì Holt Street fọ́fọ́, ó ṣàn dé títì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ò sì le rárá: kí dírẹ́bà máa bọ̀wọ̀ fúnni, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé jókòó, adúláwọ̀ láti ẹ̀yìn, òyìnbó láti iwájú, kí wọ́n sì gba adúláwọ̀ sí iṣẹ́ dírẹ́bà ní àdúgbò adúláwọ̀. Ìjọba kọ̀ jálẹ̀.

Ọjọ́ kan ti wá fẹ́ di ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn onítakisí adúláwọ̀ ń gbé èrò ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá, iye owó bọ́ọ̀sì. Ìjọba ìlú bá yọ òfin kan jáde pé takisí ò gbọdọ̀ gba iye tó kéré sí sẹ́ǹtì 45. King tẹ T. J. Jemison láago, pásítọ̀ tó ti darí irú ìjà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní Baton Rouge lọ́dún 1953. Jemison ṣàlàyé: ẹ kó mọ́tò àwọn ọmọ ìjọ jọ, ẹ yan ibi tí èrò á ti máa wọ̀, ẹ má gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ìjọba má lè ní takisí tí kò ní láísẹ́ǹsì lẹ ń wà. Owó epo, kó gba inú ọrẹ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mọ́tò ni àwọn onímọ́tò fi sílẹ̀, ìgbìmọ̀ kan tí Rufus Lewis ń darí sì pín ìlú sí ibùdókọ̀ bí ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ kùtù, èrò ò ní dúró lẹ́bàá títì kó máa na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì mọ́; iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ọkọ̀ á dé, wọ́n á fún ara wọn mọ́ ìjókòó, ó di àdúgbò òyìnbó. Lọ́sàn-án, wọ́n á tún pàdé láàárín ìlú, níbi tí ẹnì kan ti ń tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àdúgbò wọn. Robert Graetz, pásítọ̀ aláwọ̀ funfun tó ń ṣọ́ ìjọ Lutheran adúláwọ̀, wà lára àwọn tó ń wakọ̀. Àwọn ìyàwó òyìnbó mìíràn náà ń lọ fi mọ́tò gbé ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, torí ṣé wọ́n fẹ́ fọ àwo fúnra wọn ni? Méyọ̀ Gayle bínú sí wọn títí, wọn ò dá a lóhùn.

Nígbà tí owó ń wọlé láti ìlú mìíràn, ẹgbẹ́ ra stéṣọ̀n wágọ̀n, ó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé díẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan gba ìwé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì onítáyà ni ará ìlú ń pè wọ́n. Àwa náà kúkú máa ń wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere; ti Montgomery kàn ní táyà mẹ́rin ni.

Owó ọ̀hún náà, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń dé. Georgia Gilmore jẹ́ alásè ní ilé oúnjẹ kan nílùú. Dírẹ́bà ti gba owó ọwọ́ rẹ̀ rí, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì wakọ̀ lọ. Gilmore ti pa bọ́ọ̀sì tì kí Parks tó wọ àtìmọ́lé rárá. Òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ dá owó díẹ̀ jọ, wọ́n ra adìyẹ, wọ́n dín in, wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì, wọ́n sì tà á fún àwọn tó wá ìpàdé Holt Street. Láti orí adìyẹ ó di kéèkì àti páì, tí wọ́n ń tà láti ilé dé ilé àti nílé onídìrí. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn ni Ẹgbẹ́ Tí-Kò-Ti-Ibì-Kan-Wá. Ọgbọ́n ni: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbowó oṣù lọ́wọ́ òyìnbó, òyìnbó mìíràn sì wà nínú oníbàárà wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí owó ti wá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Gilmore nìkan ló mọ orúkọ ẹni tó dá a. Ìpàdé ń wáyé lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan sí òmíràn. Gilmore á jáde síwájú, á ka iye tí wọ́n pa lọ́sẹ̀ náà, èrò á bú sáyọ̀. Kò pẹ́ tí Inez Ricks fi dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lápá kejì ìlú, ló bá di ìdíje, ta ni yóò mú owó tó pọ̀ jù wá. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ níbikíbi mọ irú iná tí ìyẹn á dá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1956, Gilmore jẹ́rìí ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń bá King rojọ́ lórí ìjà bọ́ọ̀sì yìí, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. King gbà á níyànjú pé kó máa sè ní ilé ara rẹ̀. Láìpẹ́, yàrá ìjẹun rẹ̀ kún fún àwọn lọ́yà, pásítọ̀ àti oníròyìn.

Ìjà owó náà wáyé. Ní oṣù Kẹfà, akọ̀wé Montgomery Improvement Association, pásítọ̀ U. J. Fields, sọ ní gbangba pé àwọn kan ń ṣe owó báṣubàṣu; ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ó padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìpàdé. Èmi ò rí i bí àbùkù. Ìjọ tí owó bẹ́ẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ìṣirò, ẹ̀rù irú ìyẹn ló yẹ kó bani.

Àwọn ọlọ́pàá ń dá mọ́tò dúró lórí àṣìṣe tó kéré jù lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, wọ́n ti King mọ́lé torí pé ó sá eré 30 níbi tí òfin ti ní 25. Wọ́n da ásíìdì sórí mọ́tò Robinson. Àwọn alátakò ju bọ́ǹbù sí ilé King, wọ́n ju sí ti Nixon àti ti Graetz. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọ̀nà tó dákẹ́ jù: àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ láti bo àwọn stéṣọ̀n wágọ̀n mọ́, ọkọ̀ tí kò ní ìyẹn ò sì lè jáde. T. M. Alexander, adúláwọ̀ tó ń ṣòwò adójútòfò ní Atlanta, ló wá ọ̀nà dé Lloyd's ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì bo ọkọ̀ náà láti òkè òkun.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ìjọba Montgomery rí ohun tó ń wá gbà: adájọ́ kan fi òfin de ètò ọkọ̀ àwọn ìjọ. Inú kóòtù yẹn náà ni King wà tí ìròyìn dé pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìdájọ́ tó ní ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lòdì sí òfin, nínú ẹjọ́ tí lọ́yà Fred Gray pè fún Claudette Colvin àti obìnrin mẹ́ta mìíràn. Ìwé àṣẹ ò dé títí di ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, kò sí stéṣọ̀n wágọ̀n, wọn ò sì wọ bọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, aládùúgbò sì ń gbé aládùúgbò.

Ìbínú àwọn tó pàdánù wá já sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1957, bọ́ǹbù dún ní Bell Street, ní Hutchinson Street, ní First Baptist tí Ralph Abernathy ń ṣe pásítọ̀ rẹ̀, àti ní Mount Olive, pẹ̀lú ilé Abernathy àti ti Graetz. King àti Abernathy wà ní Atlanta nígbà náà, fún ìpàdé àwọn pásítọ̀ láti gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì sáré padà sílé. Àwọn tó kù ń bá ìpàdé lọ. Ní oṣù Kejì, ní New Orleans, wọ́n fìdí ẹgbẹ́ tó wá di Southern Christian Leadership Conference múlẹ̀, wọ́n fi King ṣe ààrẹ, wọ́n sì fi Jemison ará Baton Rouge ṣe akọ̀wé.