Ta Ló Ń Ru Ẹrù Overclock?

Ní 1982, nígbà ìjọba Shehu Shagari, ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ irin Delta Steel ní Ovwian-Aladja, nítòsí Warri. Iná mànàmáná ni ààrò ibẹ̀ fi ń yọ́ irin. Nílé iṣẹ́ tó bá ní irú ààrò bẹ́ẹ̀, transformer tó ń fún ààrò níná kì í jìnnà sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé e sí. Iná tó wọ ọgbà pẹ̀lú volt ńlá ni transformer yìí ń sọ di volt kékeré, bí volt bá sì ti wálẹ̀, amp á pọ̀ rẹpẹtẹ. Amp tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi wáyà gbé lọ sọ́nà jíjìn. Wáyà á gbóná, iná á sì ṣòfò sójú ọ̀nà.

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣe ń bọ́ processor rẹ̀ náà nìyẹn. Àpótí tó ń gba iná láti ara ògiri ń fi 12 volt ránṣẹ́ sí motherboard, ṣùgbọ́n processor òde òní kò lè jẹ 12 volt. Nǹkan bíi 1.2 ni tirẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké dúdú tó to yí sókẹ́ẹ̀tì processor ká, pẹ̀lú àwọn tó dà bí agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, làwọn tó ń sọ 12 di 1.2. VRM làwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè wọ́n. Bí processor bá ń jẹ 76 watt ní 1.2 volt, amp 63 ló ń gba ara VRM kọjá. Ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá kì í sábà jẹ ju amp 10 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí nípa overclock, ìyẹn fífi kún ìsáré processor, pé kó fi processor sílẹ̀ ná, kó lọ wo VRM.

Ọ̀rọ̀ yìí wá le sí i nígbà tí processor bá jẹ́ tuntun, tí motherboard sì jẹ́ ti àtijọ́, èyí tó pọ̀ láàárín àwa tí à ń ra tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ní motherboard B350 láti 2017, tí Ryzen 5 1600 wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ tí AMD fi ń sọ pé irú motherboard yẹn kò gbọdọ̀ gbé Ryzen 5000, àfi ní 2022 tí wọ́n yọ̀ǹda. Láti ìgbà náà ni Ryzen 5 5600 ti lè jókòó síbi tí 1600 jókòó sí. Intel kò lawọ́ tó bẹ́ẹ̀. Motherboard Z170 ti 2015 lè gbé i7-7700K bí wọ́n bá ti tún BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí motherboard) ṣe, ṣùgbọ́n i7-8700K tó tẹ̀ lé e, bí sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ tóbi bákan náà, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí wọ́n ti yí ètò ẹsẹ̀ tó ń gba iná padà.

Motherboard kò ní dá processor tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ àfi bí BIOS bá jẹ́ tuntun. Processor àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sórí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí. Ẹ gba fáìlì BIOS láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà, ẹ gbé e sórí flash, ẹ ti inú BIOS fúnra rẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ tó wá pààrọ̀ processor. Chip BIOS tó wà lára ọ̀pọ̀ motherboard ìgbà náà kò ju 16 MB lọ, ààyè kò sì gba gbogbo ènìyàn, nítorí náà wọ́n lè yọ àwọn processor àtijọ́ kan kúrò kí tuntun lè ráyè. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fáìlì náà kẹ́ ẹ má baà rí i pé ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni iná. Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń kọ ara rẹ̀, motherboard lè má jí mọ́. Àfi kẹ́ ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ tó ní CH341A, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ẹnu há chip BIOS ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó sì ń kọ fáìlì sínú rẹ̀ láti ìta. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sáwọn ọmọ Otigba, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Ní Aladja bí i ní Ìbàdàn, orí inverter tàbí UPS ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”. Òun náà máa ń kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku overclock fúnra rẹ̀. Motherboard ń pèsè 100 MHz, processor á sọ ọ́ di ìlọ́po 42, ìyẹn 4.2 GHz. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ 42 di 46 ti ṣe overclock nìyẹn. Lọ́dọ̀ Intel, processor tí K wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ àti motherboard onílẹ́tà Z ló sábà máa ń gbà á. Lọ́dọ̀ AMD, ọ̀pọ̀ Ryzen ló gbà, B350 gbà, A320 kò gbà. Ṣùgbọ́n processor kì í fẹ́ sáré tó bẹ́ẹ̀ lórí volt tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ó fi kún un. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Bí GHz bá lé sí i, watt á lé ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ti volt kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ ó fi ìdàgbà volt náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó fi kún watt. Ká ní a gbé 4.2 lọ sí 4.6, tí 1.2 volt sì di 1.35. Èrè ìsáré kò pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Watt 76 ti di 105, amp 63 sì ti di 78. Ooru tí VRM fúnra rẹ̀ ń mú jáde ti fi nǹkan bí ìdajì lé ti tẹ́lẹ̀, nítorí bí amp bá lé, ooru VRM á lé jù ú lọ. Lára B350 olówó pọ́ọ́kú, ẹ lè má rí irin kankan lórí VRM tí yóò gba ooru náà.

Ẹ wá fi ojú ọjọ́ kún un. Kò sí fáànù tó lè mú processor tutù ju yàrá tó wà lọ. Ká ní fáànù yín ń jẹ́ kí processor fi dígírì 50 gbóná ju yàrá lọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ní London, nínú yàrá oní 20, ó jẹ́ 70. Ní Aladja lọ́sàn-án, nínú yàrá oní 33 tí kò sí amúlétutù, ó jẹ́ 83. Lẹ́yìn overclock tí a ṣírò lókè yìí, 50 yẹn á di nǹkan bíi 69. London wà ní 89. Aladja wà ní 102, bẹ́ẹ̀ 90 ni ààlà Ryzen 5 5600, tó bá ti débẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìsáré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Fídíò tí ọmọkùnrin kan ṣe ní ìlú òtútù kò parọ́ fún yín, àmọ́ kì í ṣe yàrá yín ló jókòó sí.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, n ò ní fi volt kún un rárá, dídín ni n ó dín in kù. Bí BIOS bá fi Curve Optimizer hàn, ẹ gbé e lọ sí -10, kẹ́ ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kọ̀ǹpútà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, kẹ́ ẹ wá padà sẹ́yìn díẹ̀. Volt á wálẹ̀, ooru á wálẹ̀, processor á sì fi ààyè tó ṣẹ́ kù sáré sí i fúnra rẹ̀. Fífi 5600 rọ́pò 1600 ti fún yín ní ohun tó ju èrè overclock èyíkéyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì yára ju fáànù Wraith Stealth tó bá 5600 wá nù: ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, VRM ń rí nínú rẹ̀. Fáànù gíga tó ń fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ lè mú processor tutù jù ú lọ kó sì fi VRM sílẹ̀ nínú oru.

Ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó wà lára motherboard pẹ̀lú. Lórí ọ̀pọ̀ motherboard tó ti dàgbà, bí bátìrì yẹn bá ti kú, gbogbo ohun tẹ́ ẹ tò sínú BIOS lè pòórá nígbà tí iná bá lọ.

Aago méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ dán an wò, kì í ṣe òru. Ẹ jẹ́ kí Cinebench, tó ń fi iṣẹ́ líle dán processor wò, máa yí fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, kí HWiNFO, tó ń fi ooru àti GHz hàn, sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí GHz bá já wálẹ̀ nígbà tí processor wà ní 90, fáànù ni kò tó. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì nígbà tí processor ṣì wà ní 75, VRM ló ti rẹ̀.